Ọ̀kẹ́rẹ́ Kì Í Wọ Kẹ̀kẹ́ Márúwá

Àkànní, mo ti wo àwòrán ẹ̀sítéètì tí o fi ránṣẹ́ sí mi lórí Wásáàpù. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù títí ojú fi ń ta mí. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára, mi ò ní í parọ́. Ìlà rẹ̀ gún, pulọ́ọ̀tì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, ṣọ́ọ̀ṣì ní àyè, mọ́ṣáláṣí ní àyè, o sì fi àwọ̀ ewé kun ibi mẹ́rin tí o pè ní ibi ìgbafẹ́. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti di ẹni tó ń ya ìlú. Àfi bí mo ṣe wá bi ara mi pé, ọ̀kẹ́rẹ́ tó bá wà ní ibi ìgbafẹ́ kìíní, báwo ni yóò ṣe dé ìkejì? Ṣé kẹ̀kẹ́ Márúwá ni yóò wọ̀ ni?

Má rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ gidi ni mò ń bá ẹ sọ. Ibi mẹ́rin tí o kùn yẹn, fẹ́ǹsì yí wọn ká, íńtálọ́ọ̀kì tẹ́ láàárín wọn, títì sì dábùú gbogbo rẹ̀. Ohunkóhun tó bá ń rìn nílẹ̀, tó bá kó sínú ọ̀kan, ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Mo tún wá odò. Mo mọ̀ pé odò kan gba ilẹ̀ yẹn kọjá, torí mo tẹ̀lé bàbá rẹ lọ wò ó nígbà tí àwọn onílẹ̀ fẹ́ tà á, ńṣe la bọ́ bàtà ká tó lè sọdá. Mo wá a nínú àwòrán títí. Àṣé òun ni ìlà búlúù tíńrín tó gba ẹ̀yìn fẹ́ǹsì pulọ́ọ̀tì 31 títí dé 46, tí o kọ "gọ́tà" sí lára! Àkànní! Odò tí Ọlọ́run dá, ìwọ fi bírò sọ ọ́ di gọ́tà. Ta ló kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe èmi tí mo fi iṣẹ́ olùkọ́ jọ́gíráfì jẹun nílùú Ìbàdàn yìí títí mo fi fẹ̀yìntì.

Wọn ò tíì bí ẹ nígbà àgbàrá Ìbàdàn tí wọ́n ń pè ní Omíyalé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni. Wọ́n ti há odò Ògùnpa mọ́lẹ̀ nígbà náà. Wọ́n kọ́lé sí etí rẹ̀, wọ́n na ṣọ́ọ̀bù lé e lórí, wọ́n ń da pàǹtí sínú rẹ̀, wọ́n rò pé kò ní í rántí ojú ọ̀nà rẹ̀ mọ́. Òjò rọ̀, ó sì rántí. Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn ló bá a lọ. A ní a ti kọ́gbọ́n. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011 tún dé, òjò ọjọ́ kan péré, ẹ̀mí tó bá a lọ lé ní 100, afárá já káàkiri ìgboro, ọgbà Agodi tí ẹ̀yin ọmọdé ń lọ ṣeré pàápàá kò ríbi sá sí. Ní 2014 ni wọ́n wá buwọ́ lu 200 mílíọ̀nù dọ́là tí Báńkì Àgbáyé yá wa nítorí àgbàrá Ìbàdàn. Ẹ̀yáwó ni, kì í ṣe ẹ̀bùn. Gbogbo etí odò tí wọ́n ti gé ní pulọ́ọ̀tì tà láti ọjọ́ aláyé ti dáyé, ṣé owó tí wọ́n rí níbẹ̀ tó èyí tí ẹ̀yin àtàwọn ọmọ yín yóò máa san?

Nítorí náà, odò ni kí o fi bẹ̀rẹ̀. Nu gbogbo ohun tí o yà, kí o kọ́kọ́ fa odò náà bó ṣe rí gan-an, pẹ̀lú kọ́rọ̀ rẹ̀ àti àbàtà tó máa ń fẹ̀ sí nígbà òjò. Fún un ní 30 mítà ní ọ̀tún, 30 mítà ní òsì, kí o fi igi kún un. Lẹ́yìn náà ni kí o wá tò àwọn ibi ìgbafẹ́ rẹ mọ́ ọn lára, kí wọ́n fara kan án, kí ẹranko lè ti inú ọ̀kan bọ́ sínú ìkejì láìfẹsẹ̀ kan ọ̀dà. Mo mọ ohun tó wà lẹ́nu rẹ. O fẹ́ sọ pé pulọ́ọ̀tì mélòó ni yóò bá a lọ. Ṣebí òfin ètò ìlú ti ní kí ẹ jìnnà sí odò tẹ́lẹ̀? Ilẹ̀ tí o ò gbọdọ̀ kọ́lé sí ni mo ní kí o fi ṣe ọ̀nà fún igbó. Kò ná ẹ ní kọ́bọ̀ ju ohun tó yẹ kí o ti fi sílẹ̀ lọ, àyàfi tó bá jẹ́ pé o ti ní i lọ́kàn láti tà á. Ṣé o ti ní i lọ́kàn? Wò mí lójú.

Ẹ̀yin ọmọ òde òní fẹ́ràn kí ènìyàn fi ìwé gbe ọ̀rọ̀, ó dáa. Ní 1967, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, MacArthur àti Wilson, kọ ìwé kan lórí erékùṣù inú òkun. Ohun tí wọ́n rí ni pé erékùṣù kékeré tó dá dúró sọ́nà jíjìn, irú ẹ̀dá inú rẹ̀ kì í pọ̀. Èyí tó bá kú tán níbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò wá rọ́pò rẹ̀. Àwọn tó ń ṣọ́ igbó gbọ́, wọ́n ní háà, igbó tí oko àti ilé yí ká náà, erékùṣù ni. Ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ síso igbó mọ́ igbó yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Rò ó wò bí abúlé kan tí kò sẹ́ni tó ń wọlé, tí kò sẹ́ni tó ń jáde. Lẹ́yìn ìran mélòó kan, gbogbo wọn ti di ọmọ ìyá, ta ni yóò fẹ́ ta? Ohun tó ń pa ẹranko inú igbó tó dá wà nìyẹn, kódà bí ọdẹ kankan ò bá yin ìbọn sí wọn. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni wọ́n ń gbé kiri láàárín ara wọn títí yóò fi ṣá.

Àwọn tó ń fò sàn díẹ̀. Àdán kò nílò kí igbó so pọ̀ láìjá. Igi tí yóò bà lé lójú ọ̀nà tó fún un. O ti rí àwọn àdán inú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀, tí wọ́n so rọ̀ ṣìgìdì-ṣìgìdì lórí igi lójú ọ̀sán, tí ariwo wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, wọn a ṣí lọ wá èso jẹ. Èso ìrókò wà lára ohun tí wọ́n fẹ́ràn, wọn a jẹ ẹ́ níbí, wọn a yà á sí ibòmíràn tó jìnnà réré. Ìrókò tí àwa ń bẹ̀rù, àdán ni ó ń bá a tọ́jú ọmọ. Ṣùgbọ́n bó bá yà á sórí páànù rẹ àti íńtálọ́ọ̀kì rẹ ńkọ́? Kí ni yóò hù níbẹ̀?

Ìwọ tí o ní ọ̀nà Mọ́níyà ni ilẹ̀ yín wà, o mọ ẹni tó jẹ́ aládùúgbò yín ṣá? IITA ni, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1967, ilẹ̀ wọn tó 1,000 hẹ́kítà, igbó sì gba bíi 350 nínú rẹ̀. Ènìyàn yóò rò pé igbó àtayébáyé ni. Irọ́ ni, oko àti ahoro oko ni púpọ̀ nínú rẹ̀ kí wọ́n tó gba ilẹ̀ náà. Wọ́n kàn ṣọ́ ọ ni, wọn ò jẹ́ kí wọ́n dáko níbẹ̀, igbó sì padà wá fúnra rẹ̀. Ẹyẹ kan wà níbẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Ibadan Malimbe, ẹbí ẹ̀gà ni, ó dúdú, orí àti àyà pupa fòò. Elgood tó kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fáyé ní 1958 ló fi orúkọ ìlú wa sọ ọ́. Ní gbogbo ayé yìí, apá ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà nìkan ni wọ́n ti ń rí i, ó sì ti ń tán lọ. Àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ òfuurufú wá láti wò ó, ìwọ tí o lè fi ọ̀kadà débẹ̀, igi masquerade ni o fẹ́ gbìn.

Bẹ́ẹ̀ ni, mo rí i. Mo rí igi masquerade tí o tò sí ẹ̀gbẹ́ títì bí ṣọ́jà. Igi tó ga gbọnrangandan, tí kò ní ẹ̀ka tí ẹyẹ wa mọ̀, tí kò ní òjìji tí aláboyún lè dúró sí lójú oòrùn. Òótọ́ ni pé ó rẹwà nínú fọ́tò, ó sì dáa fún àwọn tí kò fẹ́ gbá ewé. Fi díẹ̀ sí ẹnu géètì tí ó bá jẹ́ dandan, má jẹ́ kí n sọ pé mo le jù. Ṣùgbọ́n ní etí odò, ọ̀pọ̀tọ́ ni kí o gbìn, torí ẹyẹ àti àdán a máa wá èso rẹ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Gbin ìyeyè. Gbin agbálùmọ̀, kí àwọn ọmọ rí nǹkan ṣá. Ibi tó bá jẹ́ àbàtà, fi ògùrọ̀ sí i. Ọ̀pẹ tó bá wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, má gé e. Bí ìrókò kan bá sì dá hù, fi í sílẹ̀, má pe babaláwo, má pe pásítọ̀.

Ìwọ̀n 30 mítà tí mo ní kí o fún odò náà, má dúnàá-dúrà nídìí rẹ̀. O lè fẹ́ gé 30 yẹn sí 5, kí o ní "Àǹtí, ó ṣáà so pọ̀." Ìlà igbó tó bá tín-ín-rín jù, etí nìkan ni, kò ní inú. Oòrùn á wọ̀ ọ́ lọ́tùn-ún lósì, afẹ́fẹ́ á gbẹ ẹ́, ewé Akíntọ́lá á sì gbà á pátá. O mọ̀ ọ́n, ewéko olóòórùn líle tó ń bo gbogbo ahoro, tó máa ń gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iná á wá ràn mọ́ ọn wàràwàrà. Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀nà ẹranko mọ́, ọ̀nà iná ni. Ó sàn kí o ní ìlà kan tó fẹ̀ ju mẹ́ta tó tín-ín-rín lọ.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀ṣun ló máa ń dùn mí jù tí a bá ń sọ irú èyí. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, 75 hẹ́kítà, ìjọba fi òfin dáàbò bò ó ní 1965, Susanne Wenger àtàwọn oníṣẹ́ ọnà Òṣogbo fi ayé wọn jìn ín, UNESCO kọ ọ́ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gé igi níbẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹja. Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn awakùsà ń wa góòlù lápá òkè odò níbi tí kò sẹ́nìkan tó fi òfin ṣọ́, omi Ọ̀ṣun sì pọ́n bí omi amọ̀ títí wọ inú igbó mímọ́. Igbó ni wọ́n ṣọ́, odò tó ń wọ inú rẹ̀ ni wọn ò ṣọ́. Ilé wá sún mọ́ igbó náà débi pé bí ẹranko kan bá jáde síta, ojú títì ló jáde sí. Tí Òṣogbo tí gbogbo ayé mọ̀ kò bá lè dá dúró, ṣé ibi ìgbafẹ́ rẹ tó fi díẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ ni yóò dá dúró?

O ní irú nǹkan wọ̀nyí, òkè òkun ló wà fún. Kẹ́ńyà kì í ṣe òkè òkun. Àwọn erin orí òkè Kẹ́ńyà máa ń sọ̀ kalẹ̀ lọ sí igbó Ngare Ndare àti Lewa, ojú ọ̀nà tí àwọn ìyá wọn fi hàn wọ́n ni wọ́n ń tọ̀. Oko dí i, títì ńlá sì dábùú rẹ̀. Wọ́n wá gba ilẹ̀ tóóró kan, bíi kìlómítà 14 ní gígùn, wọ́n ṣe fẹ́ǹsì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí erin má wọ oko olóko, ibi tí ó ti pàdé títì, wọ́n gbẹ́ abẹ́ rẹ̀ kí erin lè gba ìsàlẹ̀ kí mọ́tò gba òkè. Àwọn kan ń pẹ̀gàn pé erin kò jẹ́ wọ inú ihò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2011, akọ erin ọ̀dọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Tony gba ibẹ̀ kọjá, àwọn yòókù tẹ̀lé e. Ní 2013, UNESCO na ààlà ogún òkè Kẹ́ńyà dé Lewa àti Ngare Ndare. Ilẹ̀ tóóró yẹn ló jẹ́ kí ó ṣeé ṣe.

Àwa náà ní erin, Àkànní, má jẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu. Wọ́n wà nínú igbó Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, igbó tó tó 1,325 kìlómítà níbùú lóòró. Nígbà kan, igbó Ọmọ, Olúwa àti Ṣáṣá fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, erin ń rìn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú dé ilẹ̀ Oǹdó bí ẹni ń lọ sọ́jà. Agégẹdú gé tirẹ̀, olóko kòkó gba tirẹ̀, ohun tó kù ti di àbùlé-àbùlé. Nígbà tí erin bá wá wọ oko ẹnìkan, wọn a ní erin ya aláìgbọràn. Ta ló kọ́kọ́ dí ọ̀nà ta? Ilẹ̀ rẹ kò sí nítòsí erin, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀yà ni, òkété ni, ìjàpá ni, ọ̀rọ̀ ọ̀nà kan náà ni.

Ní Singapore, aaka ni. Wọ́n la títì márosẹ̀ gba àárín igbó méjì ní 1986, ẹranko ń kú lójú títì, ní 2013 wọ́n ná owó gọbọi láti fi afárá tí wọ́n gbin igi sí lórí bò ó lókè, aaka sì ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n! Owó tí wọn ì bá má ná ká ní wọ́n ronú sí i kí katakátá tó wọ inú igbó. Aaka kan náà tí àwa ń so rọ̀ sórí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún onímọ́tò. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀, kí inú mi má bàjẹ́. Àwọn ará Medellín ní Kòlóńbíà ò tilẹ̀ nítorí ẹranko ṣe tiwọn. Ooru ló ń pa wọ́n. Láti 2016 ni wọ́n ti ń gbin igi sí ẹ̀gbẹ́ títì àti ipa odò, ọ̀nà bẹ́ẹ̀ 30, ooru sì fi nǹkan bíi digírì 2 wálẹ̀. Ìwọ tí o ń ra jẹ́ńrẹ́tọ̀ torí ẹ́síì, o gbọ́?

Ó yá, sọ tìẹ. Àwọn oníbàárà yín ní ejò á wà nínú igbó etí odò náà, adigunjalè á sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀, mi ò ní í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ṣùgbọ́n wo ohun tó ń fa ejò: eku ni. Kí ló ń fa eku? Pàǹtí. Kí ló ń jẹ́ kí wọ́n da pàǹtí sí etí odò? Ìwọ ni! Ìwọ tí o kọ ẹ̀yìn gbogbo ilé sí i. Bí odò bá wà lẹ́yìn kíṣíìnì, lẹ́yìn fẹ́ǹsì gíga tó ní àfọ́kù ìgò lórí, ta ni yóò rí ẹni tó ju ọ̀rá ìdọ̀tí sọ́hùn-ún? Ta ni yóò rí olè tó lúgọ? Yí àwọn ilé náà padà, kí iwájú wọn kọjú sí odò. Fa ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan sí ẹ̀gbẹ́ igbó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan péré, kí ẹ̀gbẹ́ kejì jẹ́ ti àwọn ẹranko. Iná tí ẹ bá rì síbẹ̀, kí ó kọjú sí ọ̀nà, kí ó dojú bolẹ̀, má jẹ́ kó tàn wọ inú igi. Bí àwọn ìyàwó ilé bá ń rìn níbẹ̀ láàárọ̀, tí àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ nírọ̀lẹ́, adigunjalè wo ló fẹ́ kí ojú tó bẹ́ẹ̀ rí òun?

Fẹ́ǹsì àárín ilé, wáyà ni kí ẹ lò, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga sókè díẹ̀ kí ìjàpá lè kọjá. Ibi tí títì yín ti ré odò kọjá, má fi kọ́fátì róbótó sí i. Mo mọ̀ pé ó pọ́ọ́kú. Ìgbà òjò kìíní ni igi àti ọ̀rá á dí i, omi á gba orí títì. Afárá kékeré ni kí o ṣe, kí ó fẹ̀ ju odò lọ, kí ilẹ̀ gbígbẹ wà lábẹ́ rẹ̀ lápá méjèèjì, kí ọ̀yà lè gba ibẹ̀ láìlúwẹ̀ẹ́.

Bí o bá sì fẹ́ ohun tí o máa fi ta á fún àwọn olówó, sọ fún wọn pé àwọn baba wa náà fi igbó yí ìlú ká. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921: lẹ́yìn odi, igbó ilé, igbó dídí tí wọ́n ń dá sí. Kì í ṣe nítorí ẹyẹ o, má lọ purọ́ mọ́ wọn. Nítorí ogun ẹlẹ́ṣin ni, kí ẹṣin má lè sáré já wọ ìlú lójijì. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ṣe ń fi ìlà fà á pé ibí yìí, ẹnikẹ́ni ò ní í kọ́lé sí i, ìran dé ìran ò sì kọ́lé sí i. Èyí tó le nínú iṣẹ́ náà nìyẹn. Igi rọrùn láti gbìn.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí o pe lọ́yà yín kí o tó pe ẹni tí yóò gbin igi. Etí odò tí kò bá ní olówó orí, ní ọdún kejì mẹ́káníìkì á ti gúnlẹ̀ síbẹ̀, alágbo á gbé bẹ́ǹṣì wá, ọmọ onílẹ̀ kan á yọ jáde láti ibi tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, á ní òun ló ni ín. Kí ó wà nínú ìwé ilẹ̀ oníkálukú pé gbogbo yín lẹ jọ ni ilẹ̀ yẹn, pé kò sẹ́ni tó lè tà á, kò sẹ́ni tó lè ya á. Owó ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, kí ó wà pẹ̀lú owó sìkíọ́rítì oṣooṣù, kí wọ́n má baà sọ pé àwọn ò mọ̀. Tí ẹ bá sì ń wá orúkọ tí ẹ máa fún un, ẹ má fi tèmi sọ ọ́. Mo mọ̀ ẹ́, o ti ń rò ó. Mi ò fẹ́ kí obìnrin kan rí ejò níbẹ̀ lọ́jọ́ kan kó sì máa fi orúkọ mi pariwo káàkiri àdúgbò.